Àńpílì Léonce Sọ̀rọ̀ ní Sakété

Léonce Fálúyì, ọmọ Issaba, iṣẹ́ jíjó irin pọ̀ ni ó ń ṣe ní Pobè: géètì, fèrèsé, àga. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ Sátidé bá pé, òun àti ẹgbẹ́ olórin pọ́ǹkì rẹ̀ a máa rìn láti ìlú dé ìlú. Ẹni mẹ́ta péré ni wọ́n. Arlette ń kọrin, ó tún ń ta gìtá. Djamiou ń lu ìlù. Léonce ń ta báàsì, gìtá ńlá tí ohùn rẹ̀ máa ń kù bí ààrá ọ̀nà jíjìn. Orin pọ́ǹkì kì í pẹ́. Wọn a sáré, wọn a pariwo, ó ti tán.

Lọ́jọ́ tí ó kọ́kọ́ gbé báàsì wọlé, ìyá rẹ̀, Màmá Berthe, ka okùn rẹ̀.

"Léonce, ti Arlette ní mẹ́fà. Kí ló dé tí tìrẹ jẹ́ mẹ́rin?"

"Màmá, bí báàsì ṣe rí nìyẹn."

"Wọ́n rẹ́ ọ jẹ, ọmọ mi. Padà lọ gba méjì tó kù."

Ọrùn báàsì náà kán ní ọ̀nà Kétou nígbà kan. Léonce fi irin dì í bí ẹni di egungun, ó sì wúwo débi pé èjìká òsì rẹ̀ lọ sílẹ̀ ju ọ̀tún lọ. Àńpílì rẹ̀, àpótí tó ń gbé ohùn gìtá jáde, ga tó èèyàn tó jókòó. Ó tún ní pẹdáàlì mẹ́ta, àwọn ẹ̀rọ kékeré tí ó máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kí ohùn gìtá lè yí padà. Ó ra méjì ní Cotonou. Ẹ̀kẹta, òun fúnra rẹ̀ ló ṣe é sínú agolo sàdíìnì. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́, báàsì á máa kùn bí ẹni tó gbé oyin mì. Òórùn ẹja kò kúrò nínú rẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti ń ṣeré, ológbò á yọjú.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n pè wọ́n sí Sakété. Nítorí eruku, Léonce fi ìró ìyá rẹ̀ bo àńpílì, wọ́n sì so ó mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù Mọ́rúfù, ẹni tó ń fi zém gbé èrò. Nígbà tí wọ́n dúró ra omi ní Ita-Djèbou, bàbá arúgbó kan kí àńpílì náà.

"Màmá, ẹ kú ìrìn o."

Àńpílì kò dáhùn.

"Mo ní ẹ kú ìrìn!"

"Bàbá, ẹ má bínú," ni Mọ́rúfù wí. "Màmá kì í sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà."

Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ eré. Ní orin kẹta, Léonce fi ẹsẹ̀ tẹ agolo sàdíìnì. Oyin kùn díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ohùn ọkùnrin kan jáde láti inú àńpílì, jẹ́jẹ́ bíi ti olùkọ́:

"...ewúrẹ́ dúdú kan, etí ọ̀tún rẹ̀ gé, ó sọnù ní Yoko láti Ọjọ́bọ̀. Ẹni tó bá rí i, kí ó jọ̀wọ́ pe Màmá Huguette..."

Agolo ti lọ gbá ìkéde rédíò mú. Léonce tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, kò pa. Ì bá wù ú kí ilẹ̀ lanu. Djamiou rò pé orin tuntun ni, ó túbọ̀ ń lu ìlù kíkankíkan. Arlette wo àńpílì, ó wo Léonce, ó sì figbe ta:

"Ewúrẹ́ dúdú!"

"Etí rẹ̀ gé!" ni èrò dáhùn, wọ́n ń fò sókè.

Àlájà Oumou, tó ń ta aṣọ ní ilé kejì, ti wá sọ fún wọn pé kí wọ́n dín ariwo kù. Ó mú ọwọ́ kúrò ní etí.

"Ẹ dúró! Etí wo lẹ ní?"

"Ọ̀tún ni, Àlájà," ni Léonce wí.

"Ó wà ní ẹ̀yìnkùlé mi! Láti àná ló ti ń jẹ mí ní léèsì!"

Gbogbo èrò tẹ̀lé e lọ. Wọ́n bá ewúrẹ́ náà, léèsì aláwọ̀ ewé rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n pe Màmá Huguette, ó sì gun zém dé láti Yoko. Ó dì mọ́ ewúrẹ́, ó dì mọ́ Léonce, ó wá béèrè èwo nínú wọn ni rédíò.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí àwọn èèyàn fi kún ṣọ́ọ̀bù Léonce. Kọ́kọ́rọ́ ẹnì kan sọnù. Pẹ́pẹ́yẹ ẹnì kan kò wálé. Jocelyne, aládùúgbò Màmá Berthe, kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé nítorí ọkọ rẹ̀, Éric, tó ti wà ní Cotonou láti ọdún Àjíǹde.

"Agolo kì í gba iṣẹ́ jẹ́," ni Léonce wí. "Ohun tí rédíò bá sọ ló ń gbọ́."

"Bá mi bẹ̀ ẹ́ ni."

Ó dun Léonce. Láti ọdún mẹ́wàá tó ti ń ta báàsì, kò sí ẹni tó yin ìka rẹ̀ rí. Ó jó irin dí ihò tó wà lára agolo náà, rédíò sì dákẹ́. Nígbà tí wọ́n ṣeré ní Pobè, oyin nìkan ló ń kùn, inú Léonce dùn gan-an. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn orin kẹta, èrò káwọ́ gbera.

"Ìkéde dà?"

Arlette bá yọ ìwé Jocelyne jáde nínú àpò Léonce, ó sì fi gbogbo ọ̀fun rẹ̀ kà á:

"Éric! Wálé! Ọbẹ̀ ń tutù!"

Ẹnì kan fi fóònù gbà á sílẹ̀, ó sì dé Cotonou kí ilẹ̀ tó mọ́. Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Léonce ń tún géètì Jocelyne ṣe nígbà tí Éric yọ, báàgì lórí, ojú rẹ̀ le koko. Kò kí ẹnikẹ́ni.

"Ọbẹ̀ wo?" ni ó béèrè.

"Ilá ni," ni Jocelyne wí. "Jókòó."