Mọ́tò Tí Kì Í Mu Epo

Ní gbogbo Òwu, kò sí dẹ́rẹ́bà tó ń fọ́nnu tó Mọ́nsúrù. "Mọ́tò tèmi kì í mu epo!" Irọ́ ni. Tó bá ti gun òkè dé téńté, ẹ́ńjìnì ló máa ń pa, kí mọ́tò lè máa yí fúnra rẹ̀ lọ sísàlẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ní Ìjemọ̀ lọ́dún 1984, tí ewúrẹ́ fi já sójú títì. Ó tẹ bíréèkì, ṣùgbọ́n nítorí pé ó ti pa ẹ́ńjìnì, bíréèkì le gbagidi. Àfi gbàà! Inú ìkòkò aró Ìyá Bùsírátù, màmá aláró tó wà létí títì, ni mọ́tò dúró sí. Aró tí màmá fi ọjọ́ púpọ̀ ṣe ṣàn wọ gọ́tà.

Màmá sáré dé. "Ṣé o ò fara pa? Má bínú, ọmọ mi. Èmi ni mo gbé ìkòkò sún mọ́ títì jù."

Mọ́nsúrù ní, "Ó ti tán nínú mi, Màmá." Ẹ gbọ́ ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde!

Kì í pa ẹ́ńjìnì mọ́ báyìí. Mọ́tò ń mu epo bí omi. Ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tó bá kọjá, màmá á nàka sí àwọn ìkòkò tó ti kó sẹ́yìn ilé:

"Ọmọ mi, ṣé wọ́n ti jìnnà tó?"