Ọwọ́ Ẹniọlá Nínú Ìwé Èsì

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tí ó fi mí ṣe olùkọ́. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì ni bàbá mi ń lù, òun náà ni ó ń gbálẹ̀ ibẹ̀, kò sì ní ohun tí ó lè fi rán mi ní ilé-ìwé. Ìjọ ni ó kọ́ mi ní A, B, D lórí bẹ́ǹṣì ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, ìjọ ni ó sanwó ilé-ìwé mi, ìjọ náà ni ó sì fún mi ní iṣẹ́. Mo dúpẹ́ fún ẹ̀mí. Mo dúpẹ́ fún ohùn tí kò tíì há títí di òní, pẹ̀lú gbogbo ariwo ọmọdé tí mo ti fi bò mọ́lẹ̀. Mo sì dúpẹ́ pé mo wà níbẹ̀ nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú mi kì í dùn nígbà tí mo bá rántí rẹ̀.

Òkè-Ṣópẹ́n ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni ilé-ẹ̀kọ́ wa wà, èmi sì ni ọ̀gá àgbà rẹ̀. Kíláàsì jẹ́lé-ó-sinmi ni mo fẹ́ràn jù níbẹ̀. A kì í fún àwọn ọmọ kéékèèké yẹn ní ipò. Ojú ewé kan péré ni ìwé èsì wọn, a pín in sí ìlà-ìlà, olùkọ́ yóò sì kọ lẹ́tà kan sí iwájú ìlà kọ̀ọ̀kan. A ni ó dára jù, E ni kò dára rárá. Àwọn òbí wa kò fẹ́ràn rẹ̀. Bàbá kan bi mí nígbà kan pé, "Màdáámù, ipò kelòó lọmọ mi ṣe gan-an?" Mo ní kò sí ipò. Ó fọwọ́ bo ẹnu, ó wò yí ká, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wá ọ̀kan fi síbẹ̀. Ìyá mi á béèrè, mi ò sì ní í lè ṣàlàyé gbogbo èyí fún wọn."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí sáà kejì bẹ̀rẹ̀, kí n tó jókòó, Bàbá Ìjọ ti ṣọ́ọ̀ṣì wa wọ ọ́fíìsì mi. Àgbàlagbà tí gbogbo ìjọ ń bọ̀wọ̀ fún ni wọ́n. Ìyàwó ọmọ wọn tẹ̀ lé wọn, ojú rẹ̀ wú. Ọmọbìnrin rẹ̀, Ẹniọlá, tí kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún, di aṣọ ìyá rẹ̀ mú. Ọkọ obìnrin yìí, ọmọ Bàbá Ìjọ, ti kú kí Ẹniọlá tó rìn, nítorí náà ilé Bàbá Ìjọ ni ìyá àti ọmọ ń gbé.

Bàbá Ìjọ tẹ́ ìwé èsì sáà kìíní ọmọ náà sórí tábìlì mi.

"Màdáámù, ẹ bá mi ka èyí. Ìlà ìtẹríba."

Mo kà á. E ni. Nísàlẹ̀, níbi tí olùkọ́ kíláàsì ti ń kọ ọ̀rọ̀ ti ara rẹ̀, Àǹtí Bùkọ́lá kọ ọ́ pé: "Ó gbọ́n, ṣùgbọ́n ó nílò ẹ̀kọ́ ilé sí i."

"Ẹ̀kọ́ ilé!" ni Bàbá Ìjọ wí. "Nínú ilé tèmi! Èmi tí mo ń kàwé mímọ́ fún ìjọ. Ọwọ́ òsì lọmọ yìí fi ń nawọ́ sí àgbà. Ó fi ń gba búrẹ́dì, ó fi ń kí ènìyàn. Mo sọ fún ìyá rẹ̀ títí. Ó ní òun ń kọ́ ọ. Ìwé ti wá sọ ọ́ lójú ayé báyìí."

"Bàbá, mo ń kọ́ ọ," ni obìnrin náà wí.

"O ń kọ́ ọ ni ó fi gba E?" Wọ́n kọjú sí mi. "Àbúrò mi obìnrin wà ní Èkó, nọ́ọ̀sì ni tẹ́lẹ̀, kì í gba gbẹ̀rẹ́. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọmọ ń lọ. Ẹ bá mi kọ ìwé tí yóò fi wọ ilé-ìwé níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ lè jókòó síhìn-ín kó máa tajà."

Obìnrin náà kúnlẹ̀. Kò bẹ Bàbá Ìjọ. Èmi ni ó dojú kọ. "Mà, ẹ má kọ ọ́. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé kò sí ọmọ mìíràn tí mo ní."

Mo ní kí a pe Àǹtí Bùkọ́lá. Olùkọ́ rere ni, ọ̀dọ́ ni, kì í sì í purọ́ sí ìwé èsì. Ó ní, "Mà, ohun tí mo rí ni mo kọ. Bí mo bá ní kó fi ọwọ́ ọ̀tún gba nǹkan, á kàn máa wò mí ni."

Níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, mo tún ìwé náà wò láti òkè. Orin kíkọ, A. Ìtàn sísọ, A. Ìró lẹ́tà, A. Òǹkà, láti oókan dé ogún, A. Lẹ́yìn náà ni ìwé náà yí padà bí ẹni pé ọmọ mìíràn ni: kíkọ lẹ́tà, E. Kíkun àwòrán, E. Píparí iṣẹ́ lásìkò, D. Ìmọ́tótó, D.

"Kí ló dé tí ìmọ́tótó fi jẹ́ D?"

"Oúnjẹ máa ń dà sí i láṣọ, Mà. Kì í sì í lè de bọ́tìnnì padà tó bá dé láti ilé ìtọ̀."

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ irú ìwé èsì yìí. Ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́ máa ń gba E káàkiri. Ọmọ tí ó ya ọ̀lẹ máa ń gba C káàkiri. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí Ẹniọlá ń fi ẹnu ṣe, A ni. Gbogbo ohun tí ó ń fi ọwọ́ ṣe ni ó bàjẹ́.

Mo mú ìgò omi rẹ̀ tí ó fi okùn kọ́ ọrùn, mo ní, "Ẹniọlá, bá mi ṣí i, kí n mu díẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó fi ìgò náà sí abíyá ọ̀tún, ó fún un mọ́ra, ó sì fi ọwọ́ òsì yí ìdérí rẹ̀. Ó ṣe é kíákíá, bí ẹni tí ó ti ń ṣe é láti ọjọ́ pípẹ́. Kò lo ọwọ́ ọ̀tún rárá. Mo fà á mọ́ra, mo gbé ọwọ́ ọ̀tún náà lé àtẹ́lẹwọ́ mi. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ ju ìkejì lọ. Ó dì, àtàǹpàkò wà nínú rẹ̀. Nígbà tí mo tú àwọn ìka náà, wọ́n rọra padà síbi tí wọ́n wà.

"Ìyá Ẹniọlá, láti ìgbà wo lọwọ́ yìí ti rí báyìí?"

"Láti ìkókó ni, Mà. Kì í la ọwọ́ yẹn. Mo sọ ọ́ nílé nígbà náà." Ó wo Bàbá Ìjọ, ó tún wo ilẹ̀. "Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Gbogbo ẹni tó wá kí wa ló ń sọ pé, 'Ọmọ alárè! Ìjẹ̀bú tòótọ́ lèyí, owó ti bọ́ sí i lọ́wọ́, kò fẹ́ jù ú sílẹ̀.' Èmi náà wá ń rẹ́rìn-ín."

Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín nínú ọ́fíìsì mi. Àwàdà yẹn, gbogbo wa ni a máa ń ṣe é lágbègbè yìí nígbà tí ìkókó bá di ọwọ́. Mo ti ṣe é lójú àwọn ìyá ọmọ tuntun, bóyá lójú obìnrin yìí pàápàá.

Bàbá Ìjọ ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ohùn wọn ti lọ sílẹ̀. "Mo di ọwọ́ òsì rẹ̀ ní gbogbo ọlidé yìí. Ìborùn ìyá rẹ̀ ni mo fi dì í mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó lè kọ́ ọ̀tún." Wọ́n wo ọmọ náà. "Ó ń tẹrí ba sínú abọ́, ó ń fi ẹnu jẹun. Mo ní agídí ni."

Ẹniọlá ní, "Mo jẹ gbogbo rẹ̀ tán, Bàbá Àgbà," bí ẹni tí ó fẹ́ kí wọ́n yìn ín.

Èmi kò kọ ìwé Èkó. Bàbá Ìjọ kò sì béèrè rẹ̀ mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ìyá rẹ̀ àti èmi gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú sùúrù, ó ní apá kan ọpọlọ rẹ̀ ni ó fara pa ní ìgbà tí wọ́n ń bí i. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Ó ní bí a bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í na ọwọ́ náà láti ìkókó, ìbá ti rọ̀ ju báyìí lọ. Pé a ṣì lè rí díẹ̀ gbà padà, ṣùgbọ́n kí a má retí ọwọ́ méjì tó dọ́gba. Ìyá rẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹnu ọ̀nà ilé wọn ni ó tó sunkún.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀, pé ọmọ kò ní í kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ mọ́. Kò kúrò. Ṣùgbọ́n kí sáà yẹn tó parí, ìyá rẹ̀ kó ẹrù, ó gbé ọmọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ta oúnjẹ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Àgọ́-Ìwòyè. Bàbá Ìjọ wá bá mi. Wọn kò jókòó. "Màdáámù, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ilé ti dákẹ́ jù."

Mo gun ọ̀kadà lọ. Ìyá Ẹniọlá gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, ó fún mi ní ìjókòó, ó fún mi lómi. Nígbà tí mo jíṣẹ́ tán, ó ní, "Mo ti dárí jì wọ́n, Mà. Mò ń gbàdúrà fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọmọ yìí fúnra yín."

Ó pe Ẹniọlá. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó kí mi dáadáa. Mo na bísíkíìtì tí mo rà sí i. Ó gbé ọwọ́ òsì sẹ́yìn, ó fi pamọ́, ó sì na ọwọ́ ọ̀tún, ìka rẹ̀ dì.

"Fi èyí tó bá wù ọ́ gbà á, ọmọ mi."

Ó mi orí. Mo gbé bísíkíìtì náà lé ọwọ́ ọ̀tún náà, ó já bọ́, ó fọ́ sílẹ̀. Ó wo ojú mi láti mọ̀ bóyá mo bínú, kò sì mú ọwọ́ òsì náà wá síwájú. Bí a bá fún un ní ìwé èsì ní ọjọ́ yẹn, A ni yóò gbà nínú ìtẹríba.

N kò bẹ̀bẹ̀ mọ́. Mo padà lọ sọ fún Bàbá Ìjọ pé kí wọ́n ní sùúrù, kí àwọn fúnra wọn máa lọ kí ọmọ náà. Wọ́n ń lọ. Wọ́n ní ọmọ náà kò tíì fi ọwọ́ òsì gba ohunkóhun lọ́wọ́ àwọn. Sáà yìí ni mo máa fẹ̀yìn tì, mo sì ti sọ fún àwọn olùkọ́ wa: kí ẹ tó kọ E síwájú ọmọ kékeré kan, ẹ pè é súnmọ́ yín, ẹ di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú.

Ìwọ tí o ka èyí, kí Ọlọ́run fún ọ ní ojú tí yóò tètè rí ohun tó ń ṣe ọmọ rẹ. Kí ohun tí o bá fi ìfẹ́ kọ́ ọ má di ẹ̀rù sí i lára. Kí Olúwa na ọwọ́ tó bá dì nínú ilé rẹ, kí ó sì fi àlàáfíà sí i. Àmín.