Wolé-wolé Tí Wọn Ò Ṣílẹ̀kùn Fún

Bí ẹ bá gbọ́ tí ìgbálẹ̀ ń dún nílé mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà ládùúgbò wa, ẹ má wulẹ̀ béèrè: ìyàwó mi ló ń bọ̀. Wolé-wolé káńsù ni. Kò sí gọ́tà tí kò mọ̀, kò sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí kò tíì yọjú wò. Èmi télọ̀ tí mo fẹ́ ẹ sílé gan-an, bí òwú bá já bọ́ lọ́wọ́ mi, ó di ẹjọ́.

Síbẹ̀, wọ́n ń ṣílẹ̀kùn fún un. Wọ́n á bú u tán lẹ́yìn, wọ́n á gbé àga fún un níwájú.

Ìgbà tí Alága káńsù pe àwọn wolé-wolé jọ ni nǹkan dàrú. Ó ní bí wọ́n bá ti ń wo gọ́tà, kí wọ́n máa béèrè ìwé ìgbélùú lọ́wọ́ àwọn àjèjì, kí wọ́n sì fi ẹni tí kò bá ní i sun àwọn ìmígíréṣọ̀n. Mo ní kí ìyàwó mi rọra ṣe é. Ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ti dé tán, apá wa ò sì ká ìjọba.

"Gọ́tà ni mo kọ́ṣẹ́ ẹ̀," ó ní. "Èwo ni ti ìwé?"

Àṣé ọ̀rọ̀ ti lu sígboro. Nílé àwọn àjèjì tó wà lẹ́yìn ilé búrẹ́dì, ó kanlẹ̀kùn títí, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ ikọ́ ìkókó nínú ilé, ikọ́ burúkú.

"Ẹ ṣílẹ̀kùn! Gọ́tà ni mo wá wò!"

Ó gbọ́ tí wọ́n tún fa àga ti ilẹ̀kùn. Káńsù ló ni ilé ìwòsàn, ẹ̀rù ìwé ò sì jẹ́ kí ìyá ọmọ gbé e débẹ̀. Ni ìyàwó mi bá sáré lọ pe Fadá ìjọ Àgùdà wa. Fadá rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ìyàwó mi ò sì rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ̀yìn sùtánà náà ló sá sí. Bí wọ́n ṣe ṣílẹ̀kùn fún Fadá báyìí, ìyàwó mi ti wọlé, ó ti pọn ọmọ lé aṣọ iṣẹ́, ó ti dé ilé ìwòsàn.

"Mama, ta ni ìyá ọmọ?" nọ́ọ̀sì béèrè.

"Èmi ni."

Nọ́ọ̀sì wo ewú orí rẹ̀. "Ẹ̀yin kẹ̀?"

"Ṣé ọmọ lo fẹ́ tọ́jú ni, àbí ewú lo fẹ́ kà?"

Wọ́n tọ́jú ọmọ, ara rẹ̀ yá. Ọ̀rọ̀ sì détí Alága, ó ránṣẹ́ pe ìyàwó mi. Àgùdà paraku lòun náà, ìjókòó iwájú ló máa ń wà níbi Máàsì.

"Mama, Jésù ní ká fi ti Késárì fún Késárì."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Alága. Késárì sì ní ìmígíréṣọ̀n tiẹ̀, kí wọ́n ṣiṣẹ́ wọn. Ẹni tó bá ń sá fún èmi, àìsàn ló máa fi pa mọ́, títí á fi dé ilé tiyín. Jésù yìí kan náà ló ní òun jẹ́ àlejò, wọ́n gba òun sílé. Kò sọ pé wọ́n béèrè ìwé."

Alága fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rántí pé Alága lòun. Ó ní kó dárúkọ ìyá ọmọ, tàbí kó ṣí fìlà káńsù sílẹ̀. Ìyàwó mi ṣí i, ó gbé e sórí tábìlì.

Nígbà tó délé láìdé fìlà, inú bí mi débi pé mo gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò oníbàárà kúrú ju ìkejì lọ. "Kí la máa wá jẹ báyìí?" Kò fèsì. Obìnrin tí kì í dákẹ́ lójú oorun! Ẹ̀rù bà mí.

Ni a bá gbọ́ kó-kó-kó. Ìyá ìkókó ni, ọmọ lẹ́yìn. Ọ̀sán gangan ló fi rìn kọjá níwájú káńsù, níbi tí ọkọ̀ ìmígíréṣọ̀n dúró sí.

"Mama, ilẹ̀kùn ti ṣí o. Ẹ wá bá wa wo gọ́tà."

"Wọ́n ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi."

"Mo ti gbọ́. Ẹ ṣáà máa bọ̀."

Ìyàwó mi bú sẹ́kún. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, mi ò rí i kó sunkún rí. Ó fi etí aṣọ nu ojú.

"Táǹkì omi yín ńkọ́? Ṣé ẹ dé e?"

Ìyá ọmọ yára ṣíwájú. Mo gbé ṣọ́bìrì, mo tẹ̀ lé wọn.