Àpò Èlùbọ́ Màámi (Houston, 1985)

Àpò òfìfo ni Fẹ́mi àbúrò mi gbé dé láti ilé lónìí.

Èlùbọ́ tí Màámi ṣe kẹ́yìn kí wọ́n tó kú ló wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti fi òwú rán ẹnu ẹ̀ pa.

Ní Bẹ́ljíọ̀mù, níbi tó ti fẹ́ pààrọ̀ bàálù, ọlọ́pàá bi í pé, “Kí ló wà níbẹ̀?”

“Mi ò mọ̀, sà. Ti ẹ̀gbọ́n mi ni.”

Òfin tí wọ́n ṣe nítorí bọ́ǹbù ò gba irú èsì yẹn. Ọlọ́pàá ya àpò, ó da èlùbọ́ nù.

Mo bi í pé, “Fẹ́mi, o ò ṣe tú u wò?”

“Ẹrù yín, Àǹtí mi? Ṣé bí Màámi ṣe kọ́ wa nìyẹn?”

Ìwọ̀nba tó há sójú rírán ò kún ṣíbí kan. Ẹ jọ̀ọ́, kí n fi ro àmàlà ni, àbí kí n tọ́jú ẹ̀?