Ọwọ́ Tó Fọ Òkúta Ojú Ọ̀run

Ẹni tó bá ní ìyá ọkọ òun kò dáa, kó máa sọ ti ara rẹ̀. Tèmi dáa. Ẹnu rẹ̀ mú, ẹnu tèmi náà mú, ìyẹn ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ara wa sú wa.

Ọmọ Ìtòkú ni mí, nídìí àdìrẹ ni wọ́n bí mi sí, Mùsùlùmí sì ni gbogbo ilé wa. Ìyá ọkọ mi ní tirẹ̀, àgbẹ̀ ni, abúlé kan lẹ́yìn Owódé ló ń gbé, Ṣàngó ló ń bọ. Nígbà tí mo sọ pé ọmọ rẹ̀ ni mo máa fẹ́, àwọn ará ilé wa fajú ro. Ìyá tó bí mi nìkan ló gbè mí lẹ́sẹ̀, kò sì pẹ́ lẹ́yìn ìgbéyàwó tí òun náà fi jáde láyé. Nítorí náà, nígbà tí oyún wá dúró, lẹ́yìn tí mo ti retí rẹ̀ títí tó rẹ̀ mí, kò sí ìyá tí mo lè sá tọ̀ mọ́ àfi tọkọ mi. Òun fúnra rẹ̀ ló pè mí lórí fóònù.

Ó ní, “Ìyàwó mi, má wulẹ̀ wá ẹni tó máa wẹ ọmọ kiri o. Èmi ni mo ń bọ̀ wá wẹ̀ ẹ́. Ìwọ náà, màá fi omi gbígbóná tẹ̀ ọ́ níkùn dáadáa.”

Mo ní, “Ẹ ti ń wá ẹni tẹ́ ẹ máa fìyà jẹ tipẹ́.” Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́.

Oyún yẹn ti yọ síta dáadáa nígbà tí nǹkan já bọ́ láti ojú ọ̀run sínú oko ẹ̀gẹ́ wọn. Ìrọ̀lẹ́ ni. Wọ́n rí iná tó sáré kọjá, wọ́n gbọ́ ìró ńlá, ilẹ̀ mì, ewúrẹ́ já okùn. Ìgbà tí wọ́n débẹ̀, ihò ni wọ́n bá, ó ń rú èéfín, òórùn ẹyin tó bàjẹ́ gba gbogbo oko. Òkúta dúdú kan wà nínú ihò náà, omi sì ń sun yí i ká.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Òkúta tó bá já láti ojú ọ̀run, kí ni olùsìn Ṣàngó máa pè é? Ẹdùn àrá ni. Òrìṣà ló fi í ránṣẹ́, wọn kì í fi í sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ìyá ọkọ mi ló sì dàgbà jù láàárín àwọn obìnrin tó ń bọ Ṣàngó lábúlé yẹn. Nígbà tó tutù, òun ló wọnú ihò, òun ló gbé e jáde, òun ló fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, tó fi epo pupa pa á lára. Ọwọ́ rẹ̀ lásán ló fi ṣe gbogbo rẹ̀.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, abúlé ti ń bì. Orí ń fọ́ wọn, ojú ń ta wọ́n. Ẹni tó dé etí ihò ń ṣàìsàn, ẹni tí kò tiẹ̀ débẹ̀ náà ń ṣe é. Ọwọ́ ìyá ọkọ mi ló burú jù, ó wú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Àwọn ìjọba wá, wọ́n bo imú, wọ́n bu omi ihò sínú ìgò, wọ́n gbé òkúta lọ, wọ́n ní àwọn ń padà bọ̀ wá sọ ohun tó jẹ́. A ṣì ń retí wọn. Àwọn kan ní kẹ́míkà ni. Àwọn kan ní omi kànga wọn ló ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀. Àwọn kan tó gbọ́n jù ní ìbẹ̀rù lásán ló ń dà wọ́n láàmú. Ẹ gbà mí o! Ìbẹ̀rù wo ló ń bó èèyàn lọ́wọ́?

Ọkọ mi fẹ́ lọ gbé ìyá rẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa ní Igbein. Ó kọ̀ jálẹ̀. “Oyún wà nílé yẹn,” ló ń wí ṣáá. Ọsibítù tó wà lọ́dọ̀ wọn ló ti gba ìtọ́jú. A dúpẹ́, kò sẹ́ni tó kú, gbogbo wọn yá díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ tirẹ̀ náà san, ó ku àpá. Dókítà ní àìsàn náà ti tán lára rẹ̀, kò lè ran ẹnikẹ́ni.

Ìyá ọkọ mi ní, “Dókítà ò mọ ohun tó ṣe mí. Báwo ló ṣe wá mọ̀ pé ó ti lọ?”

Mo bí ọmọkùnrin, Ìyá sì wá. Ó ti fi ìborùn wé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Tí mo bá kúnlẹ̀ kí i tẹ́lẹ̀, ńṣe ló máa ń gbọ́wọ́ lé mi lẹ́yìn. Lọ́jọ́ yẹn, ó fà sẹ́yìn. Ó ní, “Dìde, ìyàwó mi, o kú ewu ọmọ.” Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí tó ń wo ọmọ tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kan ṣoṣo bí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì lè nù ún.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi wá kí wa láti Ìtòkú. Kò tiẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀. “Kí obìnrin yẹn má fọwọ́ kan ọmọ o!”

Ìyá gbọ́ ọ níta. Ó dáhùn pé, “Òótọ́ lẹ sọ.” Ohùn tó fi sọ ọ́ ló dùn mí jù. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n ìyá mi pé ilé ń retí wọn. Wọ́n ní mo rí wọn fín. Bẹ́ẹ̀ ni.

Bó ṣe di pé èmi ni mò ń wẹ ọmọ nìyẹn, èmi tí mi ò wẹ ọmọ rí láyé mi. Ìyá á jókòó lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, á máa pàṣẹ. “Di ọrùn rẹ̀ mú. Rọra! Ọmọ ni o, kì í ṣe àdìrẹ tó o fẹ́ sá.” Bí mo bá ṣe ń da omi, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ń yí nínú ìborùn, tí wọ́n ń wẹ ọmọ tí wọn ò kàn. Mi ò lè wò ó pẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbé omi gbígbóná kalẹ̀, mo gbé ọmọ fún bàbá rẹ̀, mo róṣọ mọ́ àyà, mo jókòó. Mo ní, “Ìyá, ẹ wá tẹ̀ mí níkùn.”

“Mo ti sọ fún ọ...”

“Ẹ ṣèlérí. Ìyá mi ti kú, ta ló kù tó máa tẹ̀ mí?”

“Bí nǹkan kan bá wá ṣe ọ́ ńkọ́?”

“Kó ṣe mí. Èmi lè sọ ibi tó ń dùn mí, ọmọ ò lè sọ. Ẹ fi èmi dán an wò.”

Ó tú ìborùn. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti pupa, ó ń dán. Ó ki tówẹ́ẹ̀lì bọ omi, ó fi tẹ̀ mí níkùn, mo figbe ta. Ọkọ mi sáré dé, a jọ lé e jáde.

Láti ìgbà náà, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, Ìyá á fà mí sójú fèrèsé, á máa yí mi síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni ń yẹ iṣu wò lọ́jà. “Ṣé orí ń fọ́ ọ? Ṣé èébì ń gbé ọ?” Mo ní ebi ló ń pa mí.

Nígbà tó yá, mo gbé ọmọ jáde lọ́jọ́ kan láti lọ wẹ̀ ẹ́, mo bá Ìyá tó ti jókòó ti omi. Ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, kò sí ìborùn lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní Bísímílà, mo tẹ́ ọmọ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Òun náà ń pe òrìṣà tirẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Ìka kan ló kọ́kọ́ fi kan gìgísẹ̀ ọmọ, ó wo ojú ọmọ, ó wo ojú mi. Ó bomi, ó fọ orí, ó fọ àyà. Ó gbé apá ọmọ sókè, ó sì dúró gbagidi.

“Ìyá, kí lẹ rí?”

Ó wo abẹ́ apá náà dáadáa. Ó wá gbójú sókè.

“Ẹgbin! Gbogbo ìgbà tí mo fi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ẹgbin lo kó pamọ́ sábẹ́ apá ọmọ mi? Kó lè dàgbà kó máa rùn láàárín ẹgbẹ́, àbí? Gbé kànrìnkàn wá fún mi jàre, kó o yé sunkún.”