Ngone àti Abọ́ Àjùmọ̀jẹ

Nílé ọkọ Ngone ní Get Ndar, àdúgbò àwọn apẹja ní Senegal, abọ́ ńlá kan ṣoṣo ni gbogbo ilé fi ń jẹun ọ̀sán. Wọn a yí i ká lórí ẹní, kálukú a máa jẹ iwájú ara rẹ̀. Ìyá Kodu, ìyá ọkọ rẹ̀, ni í kọ́kọ́ bọwọ́ sí i. Ngone ló ń dáná, ṣùgbọ́n ahọ́n ìyá náà ló ni ìkòkò.

Lọ́jọ́ kan, òòyì kọ́ Ngone létí òkun, ó ṣubú lu agbọ̀n ẹja. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó tún un wọ̀n.

"Màmá, ẹ̀jẹ̀ yín ti ga jù. Ẹ dín iyọ̀ kù, ẹ jáwọ́ nínú mágí, ẹ má jẹ́ kí epo máa léfòó lórí ìrẹsì mọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, apá kan ara yín lè rọ."

Lọ́jọ́ kejì, ó se ìrẹsì ẹlẹ́ja láìfi mágí sí i, iyọ̀ rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ìyá Kodu fi òkèlè kan kan ẹnu, ó dá ọwọ́ dúró.

"Ngone, ṣé òkun ti gbẹ ni, tí iyọ̀ fi wọ́n?"

Masamba, àbúrò ọkọ rẹ̀, bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa, ẹja yìí ò tíì mọ̀ pé òun ti kú!" Ló bá mú mágí, ó fọ́ ọ yí gbogbo abọ́ ká, títí dé iwájú Ngone.

"Nọ́ọ̀sì ló ní kí n dín in kù, Ìyá. Bóyá kí n máa bu tèmi sọ́tọ̀…"

"Ọjọ́ tí o bá bu tìrẹ sọ́tọ̀ nílé yìí, kí o di ẹrù rẹ mọ́ ọn."

Ngone jẹ ẹ́. Ó pe Biram ọkọ rẹ̀, tó ń pẹja lápá Moritania, lórí fóònù. Gbogbo ohun tí ìyẹn rí sọ ni pé, "Jọ̀ọ́, má bá ìyá mi jà." Kò rí ẹni fẹjọ́ sùn mọ́.

Nígbà tó pẹ́, ó rò ó pé bí òun kò bá lè bá ìyá náà jiyàn, òun lè tan ahọ́n rẹ̀. Ó gún irú mọ́ aáyù àti ata rodo, ó kì í sínú ẹja. Ó yan àlùbọ́sà lórí iná jẹ́jẹ́ títí ó fi pọ́n, ó fi ẹja gbígbẹ díẹ̀ sí i, ó sì se ewé ìṣápá pẹ̀lú àjàgbọn títí ó fi kan dáadáa. Epo ṣíbí mélòó kan, iyọ̀ bíńtín.

Ìyá Kodu jẹ ẹ́ títí ó fi lá ìka tán. "Ngone, òní lo ṣẹ̀ṣẹ̀ se oúnjẹ!"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń jẹ ẹ́ ní àjẹgbádùn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ẹ̀jẹ̀ Ngone rọlẹ̀ díẹ̀. Ayọ̀ ọ̀hún ló tú u lẹ́nu.

"Ìyá, ẹ ò mọ̀ pé a ti ń jẹ ẹ́ láìsí mágí láti ọjọ́ yìí."

Ọwọ́ ìyá náà dúró láàárín abọ́. "Hẹ̀n-ẹ́n! Abájọ. Mo ti ń sọ pé nǹkan kan ń dín níbẹ̀."

"Èmi náà ti mọ̀ ọ́n lẹ́nu," ni Masamba wí, òun tó ti họ ìsàlẹ̀ abọ́ lánàá.

Láti ọjọ́ náà ni agolo mágí ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún Ìyá Kodu, tó ń fọ́ ọ sórí oúnjẹ lójoojúmọ́. Ngone sún lọ sí òdìkejì abọ́, láàárín àwọn ọmọdé, ó sì ń fi kábéèjì àti kárọ́ọ̀tì mọ odi síwájú ara rẹ̀ kí omi oníyọ̀ má baà ṣàn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọdé rò pé eré ni.

Ẹsẹ̀ Ìyá Kodu ti bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Bàtà rẹ̀ kò wọ̀ ọ́ mọ́.

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká lọ wọn ẹ̀jẹ̀ yín."

"Ọjọ́ ogbó ni. Fún mi ní ọsàn wẹ́wẹ́ yẹn."

Ngone fún omi rẹ̀ sórí ìrẹsì ìyá náà dáadáa. Ìyá náà tọ́ ọ wò, ó mi orí, ó ní ó dùn. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sí agolo mágí.