Ìtọ̀ Tí Bàbá Àkúrẹ́ Kò Tọ̀

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹjọ́ ara mi ni mo fẹ́ rò fún yín lónìí, ẹ má sì gbè mí rárá. Bí ẹ bá ń jẹun lọ́wọ́, ẹ jẹ ẹ́ tán ná, nítorí ọ̀rọ̀ òórùn ni.

Ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì ni mo ní ní Agbowó. Bí òjò bá ti rọ̀, ẹrọ̀fọ̀ á gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á sì fi bàtà wọn kó o wọlé. Mo da iyẹ̀pẹ̀ síbẹ̀, àgbàrá gbé e lọ. Mo da èérún pákó, ó jẹrà.

Ọjọ́ tí mo lọ ra ìkòkò ní Mọ́níyà, lọ́dọ̀ Alhaji kan tó ń yọ́ àlòkù alumíníọ̀mù fi rọ ìkòkò, ni mo rí òkìtì kan lẹ́yìn ilé iṣẹ́ wọn. Ó rí bí eérú, nǹkan wínníwínní sì ń dán nínú rẹ̀. Alhaji ní ìdàrọ́ ni, pé bí alumíníọ̀mù bá yọ́, òun ló máa ń léfòó tí àwọn máa ń há kúrò. Mo ní ṣé wọ́n lè fún mi. Wọ́n ní kí n kó o, kí n ṣáà má jẹ́ kó kan omi.

Mo ní ó dáa, sà. Ẹnu lásán ni. Ẹrọ̀fọ̀ ni mo fẹ́ fi dí, ibo ni mo rò pé omi ò ní dé?

Mo tẹ́ ẹ síbẹ̀, ó le, ó dára. Ọ̀sẹ̀ kejì, òjò rọ̀. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òórùn ìtọ̀ kíkan ló pàdé mi, irú èyí tó ti wà nílẹ̀ lẹ́yìn gáréèjì fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó ń ta mí lójú, itọ́ ń dà lẹ́nu mi. Ọmọbìnrin kan tó wá tẹ projẹ́ẹ̀tì bì sẹ́nu ọ̀nà mi. Ìríra gbáà!

Ta ló ń tọ̀ síbẹ̀? Yàrá Bàbá Àkúrẹ́ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ẹ̀yìnkùlé ni ilé ìtọ̀ wà, orúnkún sì ń dùn wọ́n. Mi ò bi ẹnikẹ́ni léèrè, mo ti dájọ́. Mo dúró síta, mo sọ ọ́ kí àwọn tó ń jẹun ní búkà tó kọjú sí wa lè gbọ́, pé àwọn àgbàlagbà kan ò nítìjú, pé wọn ò ṣe ra póò.

Kò tó mi. Mo tẹ̀ ẹ́ gàdàgbà sórí bébà pé “MÁ TỌ̀ SÍBÍ MỌ́,” mo lamínéètì rẹ̀, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó kọjú sí fèrèsé wọn. Bàbá jáde, wọ́n ní, “Ọmọ mi, èmi kọ́ o.” Mo pòṣé, mo wọlé.

Láràárọ̀ ni mò ń da omi ọṣẹ sí ibẹ̀, garawa méjì. Bí mo ṣe ń fọ̀ ọ́ ni ó ń rùn sí i. Mo ní bàbá ń fi ṣe mí níkà ni. Bàbá ò jókòó síta mọ́. Bí mo bá rí wọn fìrí, ètè wọn gbẹ, wọ́n á rọra kí mi. Mo rò pé ìtìjú ni.

Ọjọ́ kan, Alhaji wá ṣe fọ́tòkọ́pì, wọ́n bá mi níbi tí mo ti ń da omi. Ilẹ̀ ń hó ṣùù, ó ń rú èéfín, ooru rẹ̀ sì ń gun ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi. Alhaji ní kí n gbé garawa sílẹ̀ kíá. Wọ́n ní ṣebí àwọn sọ fún mi. Bí ìdàrọ́ bá ti kan omi, ó máa ń gbóná fúnra rẹ̀, òórùn ìtọ̀ yẹn gan-an ló sì máa ń jáde lára rẹ̀. Wọ́n ní bó bá pọ̀ lójú kan, ó lè gbiná.

Èébì gbé mi, ṣùgbọ́n ara mi ló ń rí mi lára lọ́tẹ̀ yìí. Mo fa bébà yẹn ya, mo sáré wọ yàrá bàbá, mo kúnlẹ̀. Wọ́n ti da ojú kọ́ọ̀pù wọn délẹ̀ lórí tábìlì, ó gbẹ táútáú. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí mo ti lẹ bébà, ìwọ̀nba omi tí àwọn fi ń lo oògùn ni àwọn ń mu, kí ìtọ̀ má baà gbọ̀n àwọn, kí ẹnikẹ́ni má baà rí àwọn níta kó ní àwọn ni. Òòyì sì ti ń kọ́ wọn.

Mo sunkún. Bàbá ò sọ pé àwọn ti dárí jì mí. Wọ́n na kọ́ọ̀pù sí mi, wọ́n ní kí n bu omi wá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bù ú. Nígbà tó yá, wọ́n dìde, wọ́n di èjìká mi mú, wọ́n ní kí n sin àwọn dé ẹ̀yìnkùlé, ká gba iwájú búkà kọjá, kí gbogbo wọn rí ibi tí àwọn ti máa ń tọ̀.

Alhaji ti kó ìdàrọ́ wọn lọ, ẹrọ̀fọ̀ mi sì ti padà. Wọ́n ní a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Èmi ló lá a, ahọ́n bàbá ló bó. Ẹ máa béèrè kí ẹ tó dájọ́, bí wọ́n bá sì kìlọ̀ fún yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fetí sí i.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ni ẹ ti fẹ̀sùn kàn rí nítorí ohun tí ẹ fọwọ́ ara yín kó wálé? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, kó má jẹ́ pé èmi nìkan ni mo dá rojọ́.